Lọ́wọ́ Ta Ni Ọkọ̀ Wà? Àkíyèsí Lórí Sákíìtì Inú Géèmù

Ìlẹ̀kùn méjì ló sábà máa ń kọ́kọ́ fa ẹni tó ń kan ọkọ̀ òfurufú nínú géèmù Space Engineers wọ ìdí sákíìtì. Yàrá kékeré kan wà láàárín inú ọkọ̀ àti ìta. Ìlẹ̀kùn kan kọjú sí inú, èkejì kọjú sí òfurufú tí kò ní afẹ́fẹ́. Bí méjèèjì bá ṣí pa pọ̀, afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ á tú dànù. Òfin ibẹ̀ kò ṣòro: ọ̀kan ò gbọdọ̀ ṣí àfi bí èkejì bá ti tì pa. Ẹni tó bá mọ changeover tó wà lára ògiri ilé, èyí tí kì í jẹ́ kí iná ìjọba àti iná jẹnẹrétọ̀ pàdé, ti mọ òfin náà tán. Apá rẹ̀ kò lè wà lókè kó tún wà nísàlẹ̀.

Nínú géèmù, kò sí irin tó máa ṣe ìdènà yẹn fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń kan ọkọ̀ ló máa to ó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á gbé sẹ́ńsọ̀ sí ẹnu ọ̀nà: bí ènìyàn bá súnmọ́ ọn, ìlẹ̀kùn á ṣí, bó bá kúrò, á padà tì. Ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ẹni tó kàn ń kọjá lọ sídìí ẹ̀rọ ti ṣí ìlẹ̀kùn tí kò ní lọ́kàn láti ṣí, kò sì sí ibì kan tó lè tẹ̀ láti sọ pé rárá. Bọ́tìnnì ni mo fara mọ́. Kí sẹ́ńsọ̀ máa ṣọ́ bóyá ènìyàn wà nínú yàrá náà, kí ènìyàn sì máa pàṣẹ. Bọ́tìnnì náà fúnra rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ jẹ́ àṣẹ pátápátá. Kó jẹ́ ìbéèrè tí sákíìtì máa dáhùn lẹ́yìn tó bá ti wò ó pé ìlẹ̀kùn kejì ti tì.

*

Lórí ṣíṣí àti títì, ìlẹ̀kùn kan náà ní àṣẹ mẹ́ta nínú géèmù yìí: ṣí i, tì í, yí i padà. Ẹ̀kẹta ló máa ń wuni jù, torí bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló gbà: bó bá ṣí, á tì, bó bá tì, á ṣí. Ó dára fún ọwọ́ ẹni tó dúró síwájú ìlẹ̀kùn tó ń wò ó. Kò dára rárá fún táímà, búlọ́ọ̀kù tó ń dá pàṣẹ bí àkókò bá pé, torí táímà kì í wo nǹkan kó tó ṣe é. Ká ní ẹnìkan ti fọwọ́ ara rẹ̀ ti ìlẹ̀kùn náà ṣáájú, àṣẹ tí táímà rò pé òun fi ń tì í ló máa fi ṣí i, gbogbo ètò tó kù á sì máa lọ ní òdìkejì. Nínú sákíìtì, ṣí tàbí tì nìkan. Yí-i-padà jẹ́ ti ìka ènìyàn.

*

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 1966, Neil Armstrong àti David Scott so ọkọ̀ wọn, Gemini 8, mọ́ Agena, ọkọ̀ tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọkọ̀ méjì máa so pọ̀ lójú òfurufú. Kò pẹ́ tí méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Agena ni wọ́n fura sí, wọ́n sì tú ara wọn sílẹ̀ lára rẹ̀. Ìyípo náà wá le sí i. Ọkọ̀ tiwọn gan-an ló ń ṣàìsàn: ọ̀kan nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kéékèèké tó ń darí rẹ̀ ti ṣí sílẹ̀, kò sì tì mọ́. Ọkọ̀ ń yí tó ìgbà kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú àwọn méjèèjì sì ti ń ṣú. Armstrong pa gbogbo ètò ìdarí náà, ó bọ́ sórí ètò kejì tí wọ́n fi pamọ́ fún ìgbà tí ọkọ̀ bá ń padà wọ ayé. Ohun tó gbà wọ́n là nìyẹn.

Lẹ́yìn ìgbà náà, wọ́n yí iṣẹ́ iná àwọn ọkọ̀ tó kù padà kí ẹ́ńjìnnì ìdarí kọ̀ọ̀kan lè ní sákíìtì tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ṣe géèmù ọkọ̀ òfurufú ka ìtàn yìí dáadáa. Àwọn awakọ̀ méjì tó mọṣẹ́ gan-an kò rí ibi tí àìsàn wà, torí kò sí ohun tó fi hàn wọ́n. Ohun méjì péré ló wà lọ́wọ́ wọn: ibi tí wọ́n ti lè gé e, àti ọ̀nà mìíràn tí kò gba ibi tó bàjẹ́ kọjá. Ọkọ̀ inú géèmù tó ní ọgọ́rùn-ún géètì, ìyẹn búlọ́ọ̀kù tó ń fi bẹ́ẹ̀ni àti bẹ́ẹ̀kọ́ ṣe ìpinnu, tí kò sì ní méjì yìí kò tíì ní ìjánu.

*

Lẹ́tà Y lórí kíbọ́ọ̀dù máa ń pa iná gbogbo ọkọ̀ nínú Space Engineers. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ti pọ̀ jù. Ẹ́ńjìnnì á kú, ọkọ̀ á sì máa sáré lọ bó ṣe ń sáré tẹ́lẹ̀, torí kò sí ohun tó ń dá nǹkan dúró lójú òfurufú àfi ẹ́ńjìnnì kan náà tí a pa yẹn. Ohun tí awakọ̀ ń wá kéré sí èyí: kí sákíìtì dákẹ́, kí ọkọ̀ ṣì máa gbọ́ ti ọwọ́.

Géèmù náà gbà kí a kó ọ̀pọ̀ búlọ́ọ̀kù jọ sábẹ́ orúkọ kan. Ẹ kó gbogbo táímà, gbogbo sẹ́ńsọ̀ àti gbogbo ohun tó ń dá ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ jọ, kí ẹ sì gbé àṣẹ tó ń pa wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan síwájú awakọ̀. Kí àṣẹ náà ti ìdí àga awakọ̀ lọ tààrà. Mo ti rí ọkọ̀ tó rẹwà tí bọ́tìnnì ìdádúró rẹ̀ ń gba inú táímà kọjá kó tó dé ibi tó ń lọ. Bí ìṣòro bá wá wà lára táímà yẹn ńkọ́?

*

Nínú Space Engineers kan náà, ẹnìkan lè gbé script sínú búlọ́ọ̀kù tó ń gba ètò kọ̀ǹpútà, pé kó máa tọ́ ọkọ̀ sọ́nà. Script náà á gba gbogbo gyroscope, ẹ̀rọ tó ń yí ọkọ̀, á tan override wọn, àṣẹ tó ń borí ọwọ́ awakọ̀, á sì máa yí ọkọ̀ bó ṣe fẹ́. Ká wá ní script náà kú lójijì: ó kọsẹ̀ lórí àṣìṣe kan, tàbí ọ̀tá yìnbọn fọ́ búlọ́ọ̀kù tó wà nínú rẹ̀. Override kì í bá a kú. Gyroscope á dúró sórí ohun tó gbọ́ kẹ́yìn, awakọ̀ á máa fa máòsì, ọkọ̀ ò ní dá a lóhùn.

Àtúnṣe tó wà lọ́wọ́ awakọ̀ ni pé kó gbé override gbogbo gyroscope sórí nọ́ńbà kan tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n àtúnṣe tòótọ́, ọwọ́ àwọn tó ṣe géèmù ló wà. Kí àṣẹ tí sákíìtì bá pa lórí ìdarí ọkọ̀ máa pa rẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, àfi tí sákíìtì bá tún un pa. Èyí kì í ṣe àlá. Kọ̀ǹpútà tó darí Apollo lọ sí òṣùpá ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní Night Watchman, ọdẹ òru. Bí ètò inú kọ̀ǹpútà kò bá yẹ ibì kan báyìí wò láàárín àkókò tí wọ́n fún un, ọdẹ náà gbà pé ètò ti sùn lọ, á sì jí kọ̀ǹpútà náà bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

*

Irú géètì kan ṣoṣo ni wọ́n fi to ọgbọ́n kọ̀ǹpútà Apollo yẹn: NOR ẹlẹ́nu mẹ́ta, èyí tó ń dáhùn bẹ́ẹ̀ni kìkì nígbà tí gbogbo ẹnu rẹ̀ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀kọ́. Nínú irú kejì rẹ̀, èyí tó gbé ènìyàn dé òṣùpá, ṣíìpù bíi 2,800 ló wà níbẹ̀, NOR méjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Claude Shannon sì ti fi hàn nínú iṣẹ́ ìwé rẹ̀ ní MIT lọ́dún 1937 pé ìṣirò bẹ́ẹ̀ni-àti-bẹ́ẹ̀kọ́ tí George Boole gbé kalẹ̀ láyé àtijọ́ lè ṣàlàyé gbogbo sákíìtì tí a fi súwíìsì ṣe.

Nítorí náà, nígbà tí mo bá gbọ́ pé àwọn tó ń ṣeré ń béèrè géètì mìíràn, XOR tàbí NAND tàbí òmíràn, mo gbà pé ó máa dín ààyè tí sákíìtì ń gbà kù. Àṣẹ tí awakọ̀ ní kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i. Nínú StarMade, géèmù tí ilé-iṣẹ́ Schine ní Jámánì ṣe, AND, OR, NOT, flip-flop àti búlọ́ọ̀kù tó ń dá àmì dúró fúngbà díẹ̀ ti tó fún èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ènìyàn lè rò. Ohun tó yí ọwọ́ awakọ̀ padà níbẹ̀ kì í ṣe géètì rárá. Inner Ship Remote ni: búlọ́ọ̀kù tí a lè sọ lórúkọ, kí a gbé e sórí ìlà àwọn nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ ojú-ìwòran, kí awakọ̀ sì tan sákíìtì tó wà ní ìdí ọkọ̀ láìdìde lórí àga. Láìsí rẹ̀, ènìyàn ní láti rìn dé ìdí bọ́tìnnì.

*

Wáyà tó hàn sójú dára ju èyí tó fara pamọ́ lọ. Nínú Factorio, géèmù tí a ti ń kọ́ ilé iṣẹ́, wáyà pupa àti wáyà aláwọ̀ ewé wà níbẹ̀ gbangba, bí ènìyàn bá sì tẹ combinator kan, ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣírò àmì, á rí ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde lójú ẹsẹ̀. Nínú Space Engineers, kò sí wáyà. Táímà ní àtòkọ àṣẹ nínú ikùn rẹ̀, sẹ́ńsọ̀ ní tirẹ̀, bọ́tìnnì ní tirẹ̀. Bí ìlẹ̀kùn kan bá ń dá ṣí, ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó ń ṣí i á máa tú ikùn búlọ́ọ̀kù wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bó bá jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo ni mo lè bẹ̀ fún nínú gbogbo géèmù wọ̀nyí, èyí ni màá bẹ̀ fún: kí n fọwọ́ kan ìlẹ̀kùn, kó sì sọ gbogbo ẹni tó ń pàṣẹ fún un, àti èyí tó pàṣẹ kẹ́yìn. Ohun tí ọmọ ènìyàn kọ́kọ́ ń béèrè nígbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lójijì ni pé ta ló ṣe é. Géèmù mọ ìdáhùn, torí òun ló gbé àṣẹ náà lọ.

*

Orúkọ. Bí a bá gbé táímà keje kalẹ̀, géèmù á sọ ọ́ ní Timer Block 7, ọ̀pọ̀ wa á sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú Starbase, géèmù àwọn ará Frozenbyte ní Finland, irú ọ̀lẹ yẹn kò ṣeé ṣe, torí orúkọ gan-an ló ń so nǹkan pọ̀. Bọ́tìnnì àti iná tí a bá fún ní orúkọ kan náà lórí okùn kan náà á máa bára wọn sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi: ẹni tó bá ka orúkọ tó wà lára ọkọ̀ ti ka sákíìtì rẹ̀.

Orúkọ rere máa ń sọ iṣẹ́, ibi, àti ẹni tó ń pè é. "Ìlẹ̀kùn òsì, tì í, láti ọwọ́ awakọ̀" gùn, ṣùgbọ́n ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń jó kò ní láti ronú.

Síbẹ̀, orúkọ nìkan kò tó. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, mànàmáná sán lu Apollo 12 nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè, ó tún sán lu ú lẹ́ẹ̀kejì. Iná ìkìlọ̀ tàn káàkiri, àwọn nọ́ńbà tó ń dé Houston sì di rúdurùdu. John Aaron, ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó sídìí ẹ̀rọ kan ní Houston, ti rí irú rúdurùdu bẹ́ẹ̀ rí nígbà ìdánwò kan. Ó ní kí wọ́n tẹ súwíìsì SCE sí AUX. Ọ̀gá ọkọ̀, Pete Conrad, kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Alan Bean ló rántí ibi tó wà, ó na ọwọ́, ó tẹ̀ ẹ́, àwọn nọ́ńbà sì padà bọ̀ sípò. Súwíìsì náà ní orúkọ, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ kedere. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé ọwọ́ ẹnìkan ti mọ ọ̀nà ibẹ̀.

*

Lára pátákó súwíìsì inú ọkọ̀ Apollo, irin kéékèèké tó tẹ̀ kọdọrọ wà láàárín súwíìsì kan àti èkejì, kí ìgúnpá tàbí ìbọ̀wọ́ má baà ṣèèṣì gbá wọn. Lórí ìlà nọ́ńbà 1 sí 9 tó wà níwájú awakọ̀ nínú géèmù, kò sí irú irin bẹ́ẹ̀. Ẹ má gbé "já ẹrù sílẹ̀" sẹ́gbẹ̀ẹ́ "tan iná iwájú". Ẹ gbé e lọ sí ojú ewé mìíràn. Ojú ewé mẹ́sàn-án ló wà fún àga kọ̀ọ̀kan.

*

Àkókò máa ń pa sákíìtì lára ju àṣìṣe lọ.

Lórí Starbase, ṣíìpù kan ń gba ìlà ètò 20, ìlà kan sì ń gba ìdá méjì nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn ni pé ètò tó kún ṣíìpù á lo ìṣẹ́jú àáyá 4 kó tó padà sí ìlà àkọ́kọ́. Bí ìlà tó ń wo bọ́tìnnì bá jẹ́ ẹyọ kan, tí awakọ̀ sì tẹ bọ́tìnnì kíá tó fi sílẹ̀, ṣíìpù lè má rí i. Awakọ̀ á ní ọkọ̀ ò gbọ́ràn, òun ò sì purọ́. Ó dára kí bọ́tìnnì jẹ́ irú tó máa ń dúró níbi tí a tẹ̀ ẹ́ sí, kí ètò ló máa dá a padà lẹ́yìn tó bá ti gbọ́. Ìyẹn á tún jẹ́ ẹ̀rí: bí bọ́tìnnì bá ṣì wà nísàlẹ̀, wọn ò tíì gbọ́.

Factorio ń ṣírò ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, combinator kọ̀ọ̀kan sì ń dá àmì dúró fún ìgbà kan nínú rẹ̀. Bí àmì kan bá pín sí ọ̀nà méjì, tí ọ̀kan gba combinator mẹ́ta kọjá, tí èkejì gba ẹyọ kan, wọn ò ní dé pọ̀. Láàárín ìgbà díẹ̀ yẹn, ìdáhùn tó máa jáde kì í ṣe òótọ́. Ojú ènìyàn kò lè rí i, ṣùgbọ́n ohun tó ń ka iye, tó ń fi ọ̀kan kún ọ̀kan, á rí i, á sì ka ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Combinator méjì tí kò ṣe nǹkan kan ju pé kí wọ́n gba àmì kọjá ló máa ń wo èyí sàn, lójú ọ̀nà tó kúrú.

*

Space Age, àfikún fún Factorio, jáde ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó sì kó ilé iṣẹ́ inú géèmù náà lọ sójú òfurufú. Ènìyàn kì í fẹsẹ̀ rìn lórí ọkọ̀ inú rẹ̀. Òkèèrè ni a ti ń wò ó, òkèèrè ni a ti ń darí rẹ̀, nítorí náà gbogbo àṣẹ tí a ní lórí rẹ̀, sákíìtì àti ètò ló ń gbé e.

Àpáta ń fò bọ̀ lójú ọ̀nà. Bí ọkọ̀ bá sáré ju bí ìbọn rẹ̀ ṣe lè fọ́ àpáta lọ, á fọ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń fi páǹpù sójú páìpù tó ń gbé epo lọ sí ẹ́ńjìnnì, wọ́n á ka iyára láti inú hub, ọkàn ọkọ̀ náà, páǹpù á sì dúró bí iyára bá ti kọjá ààlà. Wọ́n ń jèrè lọ́nà mìíràn pẹ̀lú, torí ẹ́ńjìnnì ibẹ̀ ń lo epo dáadáa jù nígbà tí epo inú rẹ̀ kò kún.

Ibi tí mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ sí ni ọ̀rọ̀ nọ́ńbà méjì. Ká ní yìnyín ni a fẹ́ kó. Bí a bá ní kí ẹ̀rọ máa kó o nígbà tí iye rẹ̀ kò bá tó 100, á kó ọ̀kan, á dúró, á lo ọ̀kan, á tún bẹ̀rẹ̀, láìsinmi. Ohun tó yẹ ni pé kó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí kò bá tó 50, kó má sì dúró àfi tó bá dé 200. Ìyẹn gba ìrántí, torí ní 120 ẹ̀rọ ní láti mọ̀ bóyá òun ti ń kó tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ̀dà 2.0 ti dé, decider combinator kan ṣoṣo lè ṣe é: yìnyín kò tó 50, tàbí yìnyín kò tó 200 tí àmì tèmi fúnra mi sì wà, kí a wá fi wáyà dá ohun tó jáde padà sẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ á kọ 50 àti 200 sínú decider náà, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Èmi á ní kí wọ́n kọ wọ́n sínú constant combinator kan lóde, irú èyí tó kàn ń gbé nọ́ńbà jáde, kí decider máa fi àmì wé àmì. Nígbà náà, ẹni tó fẹ́ yí ìlànà ọkọ̀ padà kò ní tú ọgbọ́n rẹ̀ wò; nọ́ńbà ló máa yí. Bí gbogbo nọ́ńbà ìpinnu ọkọ̀ bá tò sí ibì kan, tí ènìyàn sì kọ àlàyé rẹ̀ síbẹ̀, ọ̀rẹ́ tí kò bá wa kan ọkọ̀ náà lè wà á lọ́la.

*

Script lágbára ju géètì lọ, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Nínú Space Engineers, C# gidi ni wọ́n ń kọ. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ tí ènìyàn mẹ́rin ń wà, ẹni tó lè ka C# lè jẹ́ ẹyọ kan, bí kò bá sì sí níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ọkọ̀ ti di àdììtú fún àwọn tó kù. Àwọn sáfà kan kì í tilẹ̀ gba script láàyè. Nítorí náà inú mi dùn nígbà tí Keen Software House gbé Event Controller wọlé ní 2023. Ènìyàn á mú ohun tó fẹ́ kó máa ṣọ́, á mú ààlà, á sọ ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ bó bá rí bẹ́ẹ̀ àti bí kò bá rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò kọ ètò kọ̀ǹpútà rí lè ka ohun tí ẹlòmíràn tò síbẹ̀, kó sì tún un ṣe.

*

Ohun kan tó kù tí mo ń fẹ́: kí a lè dá aago sákíìtì dúró nìkan, kí a máa fi ọwọ́ tì í síwájú ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí a sì máa wo ibi tí àmì dé. Factorio ti ní irú rẹ̀ nínú ibi tí wọ́n ti ń ṣàtúnṣe àwòrán ilẹ̀, níbi tí a lè dá gbogbo ayé dúró kí a sì sún un ní ìgbà kan péré nínú 60. Kí wọ́n gbé e wá sínú eré fúnra rẹ̀, sórí ọkọ̀ tó so mọ́ èbúté, kí ẹni tó kan án lè dán ìlẹ̀kùn méjèèjì wò ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan kó tó gbé ènìyàn wọlé.